Ọwọ́ tó di ìjánu mú

Ẹ̀yin tèmi, mo ní ìtàn kan tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, ọ̀rọ̀ idẹ ni, ọ̀rọ̀ bàbá mi sì ni.

Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa ní Àtìkòrì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojúde Ọba ni wọ́n ti yà á. Ọkùnrin kan jókòó sórí ẹṣin funfun, agbádá ẹ̀ ń dán, fìlà ẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó nawọ́ sókè, ó ń kí èrò. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ẹṣin yẹn gan-an ju aṣọ Iléyá tèmi lọ. Fọ́tò tó dáa ni, mi ò parọ́.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe bàbá mi. Ẹ wo ìsàlẹ̀, lápá òsì, níbi tí férémù ti fẹ́ gé e. Ṣé ẹ rí ọwọ́ kan tó di okùn ìjánu mú? Bàbá mi nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ìka mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ yẹn. Ayùn sọ́mìlì ti gba ìka ọmọńdinrín ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Sọ́mìlì ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó á mọ̀ pé igi gẹdú ló gbé ọ̀pọ̀ ilé dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gbé Ìlọrin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ kan tó ń sin ẹṣin, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Torí ẹ̀, bí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á pè é láti Ìjẹ̀bú-Òde. Á di báàgì ẹ̀, á bọ́ sórí ọ̀kadà, ó tún di ìgbà tí Ojúde Ọba bá parí ká tó rí i.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Á wẹ̀ fún ẹṣin, á fún un lómi, á mú un rìn ní ìdájí, á kọ́ ọ kó má bẹ̀rù ariwo ṣakabùlà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń sùn. Tó bá padà sílé, òórùn ẹṣin á wà lára ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, màmá mi á ní kó lọ sùn sí pálọ̀.

Ó máa ń sọ pé, "Ẹṣin ò mọ ẹni tó ni òun o. Ẹni tó ń fún un lómi ló mọ̀." Ó tún máa ń sọ pé, "Etí ẹṣin ni kó o máa wò." Tí etí méjèèjì bá ká sẹ́yìn, kúrò níbẹ̀ kíá. Tí ọ̀kan bá yí sọ́dọ̀ ẹ, ó ń gbọ́ ẹ.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti mọ Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á jáde pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun á wá gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ìdílé Balógun Kúkù wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà pọ̀. Olórí ogun làwọn baba ńlá wọn, ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi jẹ́ tiwọn.

Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa. Láyé àtijọ́, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kó o wá, owó ńlá ni wọ́n sì fi ń rà á. Tẹ́ ẹ bá rí ẹṣin lójúde èèyàn nígbà yẹn, ẹ ò ní béèrè bóyá onítọ̀hún lówó. Àmọ́ ẹṣin tó ń ná èèyàn lówó báyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ò ní jẹ́ kó kú. Ẹni yẹn ni mi ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ nínú ìtàn kankan.

Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ lẹ́ẹ̀kan, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà. Ayàwòrán kan dojú kámẹ́rà kọ ẹlẹ́ṣin. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa yẹ̀ díẹ̀." Bàbá mi yẹ̀. "Ẹ tún yẹ̀ sí i." Ó tún yẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yìnbọn lẹ́yìn wa, kò lè fi okùn sílẹ̀. Ó sún títí tí apá ẹ̀ fi nà tán, ó wá fi ọwọ́ nìkan sílẹ̀ síbẹ̀.

Báyẹn ni ọwọ́ ṣe wọ inú fọ́tò. Ẹlẹ́ṣin yẹn sì ṣèèyàn o, òun fúnra ẹ̀ ló fún bàbá mi ní ẹ̀dà kan, ó tún fi férémù sí i.

Bàbá mi ò bínú. Èmi ni mo bínú. Ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n wá wò ni?" Ó ra dòdò fún mi. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún 2023 ló kú. Nígbà tá a fẹ́ ṣe pósítà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a tú gbogbo ilé. Ojúde Ọba tó lọ ò lóǹkà, kámẹ́rà tó wà níwájú ẹ̀ ò lóǹkà, síbẹ̀ fọ́tò káàdì ìdìbò la lò. Ẹ mọ bí fọ́tò káàdì ìdìbò ṣe máa ń rí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ó wá di oṣù kẹfà ọdún 2024. Mo wà ní Òṣogbo, mò ń sin ilẹ̀ bàbá mi, kọ́pà ni mí. Ẹ rántí ọdún yẹn, ọdún Farooq Oreagba. Agbádá, awọ̀ ojú, sìgá lẹ́nu, lórí ẹṣin. Gbogbo wa la gbé e sórí status. Nígbà tá a tún wá gbọ́ pé àrùn jẹjẹrẹ ni ọkùnrin náà ń bá jà, tó sì ń gbé ayé ẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ìfẹ́ wa tún pọ̀ sí i. Èmi náà pín in kiri.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo dùbúlẹ̀, mò ń fi ìka méjì fẹ fọ́tò Ojúde Ọba lójú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mi ò wo àwọn ẹlẹ́ṣin mọ́. Etí fọ́tò ni mò ń wò. Mò ń wá ọwọ́. Mo rí ọ̀pọ̀, ẹ̀yin èèyàn. Ọwọ́, èjìká, ìdajì fìlà. Mo sunkún díẹ̀, mo sùn.

Ọ̀gá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Idẹ ló ń dà. Mo ti máa ń dúró wò ó kó tó di ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo wọlé lọ bá a, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa gbà láti kọ́ mi kí n fi idẹ ṣe ọkùnrin kan àti ẹṣin?"

"Kọ́pà, ta lo fẹ́ ṣe?"
"Bàbá mi."
"Wọ́n ń gẹṣin ni?"
"Rárá sà."
"Ọba ni wọ́n?"
"Rárá sà."
"Olóyè?"
"Sọ́mìlì ni wọ́n ń ṣe, sà."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Idẹ ò béèrè oyè. Owó èédú ló ń béèrè."

Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tètè kúrò lọ́kàn mi, torí nílẹ̀ wa, idẹ ti béèrè oyè rí o. Kì í dípẹtà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún ohun tí wọn ò fẹ́ kó parẹ́. Àwa Ìjẹ̀bú ò ṣàjèjì sí i: idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ẹdan Òṣùgbó, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀. Ní Ifẹ̀, idẹ àti bàbà ni wọ́n fi ṣe àwọn orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ìtàn Bìní sì sọ pé Ifẹ̀ ni Iguẹgha ti wá kọ́ wọn níṣẹ́ idẹ láyé Ọba Oguọla.

Bìní yìí náà ló ṣe ẹlẹ́ṣin. Ọ̀kan lára irú ère bẹ́ẹ̀ wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Bìní ní 1897. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó jókòó sórí ẹṣin yẹn. Àwọn kan ní Ọ̀rànmíyàn ni, torí ìtàn Bìní ní òun ló mú ẹṣin wá. Àwọn mìíràn ní àlejò kan láti òkè ni. Ìwé lórí ìwé, lórí ẹlẹ́ṣin nìkan.

Ibi tó ti wá yà mí lẹ́nu rèé. Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ẹṣin, mo bá tẹ "bronze horse" sí Google. Kábọ́ì ló kún ojú fóònù mi! Kábọ́ì lórí ẹṣin tó ń fò, kábọ́ì tó ń ju okùn, kábọ́ì tó ń da màlúù. Ọmọ Amẹ́ríkà kan báyìí, Frederic Remington, ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ère idẹ ẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 1895 ló ṣe é: ẹṣin gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ọkùnrin kan rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀dà ẹ̀ sínú ọ́fíìsì ààrẹ Amẹ́ríkà pàápàá.

Kí wá ni kábọ́ì? Ṣé ẹni tó ni màlúù ni? Rárá o. Alágbàṣe ni! Wọ́n gbà á síṣẹ́, wọ́n ń sanwó oṣù fún un, ó ń sùn sílẹ̀, òórùn ẹṣin wà lára ẹ̀. Ìgbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo jókòó dáadáa. Àwọn èèyàn yìí mú alágbàṣe, wọ́n fi idẹ ṣe é, wọ́n gbé e síwájú ààrẹ.

Àmọ́ wọn ò gbé gbogbo wọn o. Àwọn òpìtàn fojú dá a pé bí kábọ́ì bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ṣé ẹ rí wọn nínú fíìmù tí à ń wò ní kékeré? Ọ̀kan ni Bill Pickett, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí ní Texas. Ẹṣin ló ta á nípàá tó fi kú ní 1932. Ère idẹ tiẹ̀ wà ní Fort Worth báyìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú sàréè kó tó débẹ̀. Ó ṣe tán, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà létí fọ́tò, ó kárí ayé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Òṣogbo.

Àláwíì wa nígbà yẹn, 33,000 náírà. Mo jẹ gààrí. Mo ra tápù omi àtijọ́ àti àgádágodo tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn oní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀gá sì fi díẹ̀ kún un. Ìda oyin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wàá fi amọ̀ mọ inú ẹ̀, wàá fi ìda bò ó, ìda yẹn lo máa fi ya gbogbo ojú, imú, ìgbànú, pátákò. Tó o bá parí, wàá fi amọ̀ bo gbogbo ẹ̀, ìpele lórí ìpele, á gbẹ dáadáa. Tí amọ̀ ò bá gbẹ, ọjọ́ tí idẹ bá kàn án, ó lè bú gbàmù mọ́ èèyàn lójú.

Lẹ́yìn náà wọ́n á yan án níná, ìda á yọ́, á ṣàn jáde. Àyè tó fi sílẹ̀ ni idẹ máa wọ̀. Ọ̀nà kan péré ló wà, èèyàn ò lè yẹ inú ẹ̀ wò. Tó o bá fọ́ amọ̀, ohun tó o bá rí lo rí.

Oṣù méjì ni mo fi mọ ìda náà, nírọ̀lẹ́. Mo ṣe ẹṣin láìsí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, gàárì nìkan. Mo ṣe bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó dúró, okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yí etí ẹṣin kan sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọwọ́ ni mo ṣe gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń wo ọwọ́ ara mi, mò ń mọ ọ́n. Ó dùn mọ́ mi. Ó pé, ó dára.

Ọjọ́ tí ọ̀gá da idẹ, kò jẹ́ kí n súnmọ́ ọn. Iná aláwọ̀ ewé ń jó lórí ìkòkò tó fi yọ́ idẹ, èéfín funfun ń rú. Ó dà á sẹ́nu amọ̀ náà bí ẹni da ẹ̀kọ. Kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Oṣù méjì, ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tá a fọ́ amọ̀, mo rí orí ẹ̀. Mo rí fìlà, mo rí èjìká. Ẹṣin pé, etí ẹ̀ pé. Mo nu apá ẹ̀, mò ń nu ún bọ̀ wálẹ̀, mo dé ọrùn ọwọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Idẹ ò dé ọwọ́.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà jáde níbí. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n fi ìgbá ìda tín-ín-rín kan síbẹ̀." Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó ti rí i rí. Èmi ò lè sọ̀rọ̀. Nínú fọ́tò, ọwọ́ nìkan ló wà. Nínú idẹ, gbogbo ẹ̀ wà àfi ọwọ́.

Mo gbé e relé ní oṣù Disẹ́ńbà, mo fi ìró màmá mi kan wé e. Mo fẹ́ fi pamọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọn màmá wa pẹ̀lú báàgì ẹni. Wọ́n tú u. Wọ́n gbé e sórí itan. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà pípẹ́.

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, etí ẹṣin yìí ń gbọ́ ọ."
Mo ní, "Ẹ̀n, mà."
"Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?"
Mo ṣàlàyé. Afẹ́fẹ́, ìda, gbogbo ẹ̀. Mo ní ọwọ́ yẹn gan-an ló dáa jù, pé mo ṣe gbogbo ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n ní, "Ìka mélòó lo ṣe?"
Mo ní, "Máàrún."
Wọ́n wò mí. "Bàbá ta lo ń ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn, mo mọ̀ o! Mo mọ ọwọ́ yẹn ju ojú ara mi lọ. Ibi tí ìka yẹn ti gé ló fi máa ń rìn mí nígbọ̀n-ọ́n tí mo bá ń sunkún. Ìka mẹ́rin ni mo fi mọ̀ ọ́n nínú fọ́tò. Síbẹ̀ nígbà tó dọwọ́ mi, nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di ohun tó yẹ idẹ, mo bá a tún un ṣe. Mo fi ìka kún un. Ayàwòrán ní kó yẹ̀ díẹ̀. Èmi ní kó pé díẹ̀. Ṣé ìyàtọ̀ pọ̀ níbẹ̀?

Màmá mi ò bínú o. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní inú idẹ gan-an, bàbá mi ò gbà kí wọ́n fún òun ní ohun tí kì í ṣe tòun. Wọ́n wá sọ ìtàn kan tí mi ò gbọ́ rí: pé ọdún tí ìka yẹn gé, wọ́n rò pé kò ní lè di ẹṣin mú mọ́. Inú oṣù yẹn ni ẹṣin kan já ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín èrò, àwọn ọmọdé wà lójú ọ̀nà. Òun ló fi ọwọ́ tó ṣì wé báńdéèjì mú okùn. Ẹṣin wọ́ ọ, kò jù ú sílẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn tún ṣí. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò ìyẹn.

Kí n tó parí ìsìnlú mi, a tún un dà. Gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, torí amọ̀ tó ti fọ́ ti fọ́. Mo ṣe ìka mẹ́rin. Ọ̀gá fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì síbẹ̀. Ọwọ́ jáde, okùn jáde. Ìdí ìrù ẹṣin ni kò kún dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ní òun lè lẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, sà."

Ojúde Ọba 2025, èmi àti màmá mi jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ló wá jẹ́ ìkẹyìn láyé Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà. July 13 ni wọ́n wàjà, lẹ́yìn ọdún márùnlélọ́gọ́ta lórí ìtẹ́. Gbogbo ayé ló kọ nípa wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọba ni wọ́n.

Bàbá mi wà lórí fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù fọ́tò yẹn. Màmá mi ti fi òwú pupa kan so mọ́ ìjánu, wọ́n ní okùn idẹ yẹn le jù, ẹṣin ò ní lè mí. Ère àkọ́kọ́ tí ò lọ́wọ́, mi ò yọ́ ọ. Òun ni mo fi ń gbá ilẹ̀kùn yàrá mi dúró.

Ó tán. 

Tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò Ojúde Ọba nílé, tàbí ti ìgbéyàwó, tàbí ti ìwúyè, ẹ bá mi lọ wo etí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ kan níbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ fi bírò kọ ọ́ o, pẹ́ńsù máa ń parẹ́.